Ẹni Tó Fi Ránṣẹ́ Là Ń Gbà Gbọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ọ̀rọ̀ kan jí Nàìjíríà lóru. Ẹ gbé omi kaná, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ sì mu nínú rẹ̀: Ebola ò ní ráàyè dé ọ̀dọ̀ yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé e lọ, BlackBerry ń gbé e lọ, WhatsApp àti Facebook náà ò gbẹ́yìn, ìpè fóònù sì ń ti gbogbo wọn lẹ́yìn. Àwọn ìyá pe ọmọ wọn ní yunifásítì láàárín òru pé kí wọ́n dìde. Ẹni tí kò ní iyọ̀ nílé lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ jáde pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn kan ti mu tiwọn tán. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé èèyàn 2 ló kú nídìí omi iyọ̀ yìí, tí nǹkan bíi 20 sì dèrò ilé ìwòsàn. Ẹ fi wé àrùn náà fúnra rẹ̀: láti 20 oṣù Keje tí Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó láti Liberia, títí di 20 oṣù Kẹwàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa, èèyàn 20 ló mú, 8 ló pa.

Bí a bá bi àwọn tó mu omi iyọ̀ náà pé ta ló sọ fún wọn, wọn ò ní dárúkọ dókítà. Màámi ló pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kàdúná ló fi ránṣẹ́. Pásítọ̀ wa ló gbé e sórí gúrúùpù. Màámi kò purọ́. Ẹnì kan tí òun náà fọkàn tán ló sọ fún un, ẹni yẹn náà sì ní ẹni tó sọ fún tirẹ̀. Bí a bá tọ ipa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, olóòótọ́ èèyàn la ó máa bá pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò sì ní kan ẹni tó kọ ọ́. Èrò mi lórí gbígbọ́ ìròyìn lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó fi ránṣẹ́ là ń gbà gbọ́, ìròyìn ọ̀hún kàn tẹ̀lé e wọlé ni. Ibẹ̀ ni oore rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta lóṣù Kejìlá ọdún 1859, ẹni tó ń kà á mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá bí i nínú, ó mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò lọ kàn. Ọ̀nà yìí ni ìwé ìròyìn àti rédíò ń tọ̀ láti ìgbà náà wá. Akọ̀ròyìn gbọ́ ọ̀rọ̀, ó kọ ọ́, olóòtú bi í pé ta ló sọ fún ọ, ṣé o ti pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, agbẹjọ́rò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Mi ò sọ pé olóòtú kì í ṣì í ṣe o. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn gbòde nílẹ̀ wa pé Nnamdi Azikiwe ti kú, àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ Bàbá wà láàyè. Ó di ọdún 1996 kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣìṣe yẹn hàn, àwọn tó gbé e jáde ní orúkọ, wọ́n sì ní ojúlé. Ta ni a fẹ́ lọ bá fún ọ̀rọ̀ omi iyọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ní fóònù tó ń gba WhatsApp lóde òní, ó ṣòro kó má wà nínú gúrúùpù mélòó kan: ti ìdílé, ti àwọn tí wọ́n jọ jáde níwèé mẹ́wàá, ti ìjọ tàbí ti àsàlátù, ti àwọn onílé àdúgbò, ti ẹgbẹ́ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sínú ọ̀kan, ẹnì kan péré tó tún wà nínú òmíràn ti tó láti gbé e sọdá. Bó ṣe ń sọdá, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ á já bọ́, orúkọ ẹni tó gbé e dé á bọ́ sípò rẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London ló ń rí lókè ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Àwọn tó ń hun irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́. Wọ́n á ní dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá ló sọ ọ́, wọn ò ní dárúkọ dókítà náà. Wọ́n á ní ẹ tètè kà á kí wọ́n tó pa á rẹ́, torí ẹni tó bá ń sáré kì í ráyè béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á dá àkókò fún un: kílẹ̀ òní tó mọ́, kó tó di ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìdí rẹ̀ tì sí pé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló burú jù lójú tèmi, nítorí ìfẹ́ ló gùn lẹ́ṣin. Bí mi ò bá fi ránṣẹ́ ńkọ́, tí nǹkan wá ṣe àbúrò mi? Iyọ̀ kúkú ni, iyọ̀ ò wọ́n. Ìṣirò yìí mọ́gbọ́n dání lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe é, òun náà ló sì gbé irọ́ náà dé gbogbo ilé.

Èyí tó tún le ju ti kíkọ lọ ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò fẹ́ fi ojú há lẹ́tà wẹ́wẹ́. Wọ́n á tẹ ohùn náà, wọ́n á gbọ́ ẹni tó ń sọ èdè Ìbàdàn tàbí Èkìtì, tó ń pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí, tí ẹ̀rù ń bà gan-an tàbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Èdè abínibí a máa tètè wọni lára. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp sì ti ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á, débi pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ààbò ńlá nìyẹn fún tọkọtaya, fún oníṣòwò, fún akọ̀ròyìn pàápàá, n ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Àmọ́ nǹkan kan ń bá a rìn. Lórí Facebook tàbí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, ẹni tó mọ òtítọ́ lè rí irọ́ kó sì já a ní gbangba. Irọ́ inú gúrúùpù, àfi bí ẹnì kan tó wà nínú ilé bá gbé e jáde.

Kí n má ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ jù. Lásìkò Ebola yẹn kan náà, àwọn dókítà kan tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn wà lórí Twitter lábẹ́ orúkọ Ebola Alert, wọ́n ń sọ bí àrùn náà ṣe ń ràn àti bí kì í ṣe é ràn. Ojú ọ̀nà kan náà ni omi iyọ̀ gbà tí tiwọn náà gbà.

Oore tó tóbi jù tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Lọ́jọ́ 3 oṣù náà, fídíò kan jáde láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n ní SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ló pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ké lórí SARS, ìwé ìròyìn sì ń kọ ọ́, ìjọba ń ṣèlérí, ọ̀rọ̀ ń rọlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò rọlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tú síta fún ìwọ́de. Ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun tú SARS ká. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 20 ní ibùdó owó ibodè Lẹ́kí, tí iná kú, tí ìbọn ń dún, olórin tó ń jẹ́ DJ Switch wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ han ayé lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ kó àkọlé àwọn ìwé ìròyìn sórí Twitter, wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lójú: ìròyìn òfégè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbà pé àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ jábọ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 2021 pé wọ́n yìnbọn lu àwọn tí kò gbé ohun ìjà kankan lọ́wọ́; ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gba gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ sọ. Àwọn tó bá ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó wà lórí fóònù, ìtàn yìí ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Ìròyìn òfégè lè jẹ́ orúkọ tí ẹni tó nìbọn sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ní àsìkò ìwọ́de náà gan-an, wọ́n gbé e kiri pé ìbọn ti ba Eniola Badmus, òṣèré tíátà, àfi ìgbà tí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Irọ́ àti òtítọ́ ò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Oore ojoojúmọ́ kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé rẹ̀. Awakọ̀ Èkó tó wo ojú ìwé Gidi Traffic kó tó kúrò nílé mọ ibi tí àjàgbé ṣubú sí, ó sì lè yí gba ibòmíràn kí sunkẹrẹ-fàkẹrẹ tó gbé e mì. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí wàjà lóṣù Kẹrin ọdún 2022, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní Peckham tàbí Houston kò dúró de ẹni tó ń ti ilé bọ̀ kó tó gbọ́. Lóṣù Kejì ọdún 2018 tí BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn lédè Yorùbá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e kà, Facebook sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá a pàdé. Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń gbé níbi tí ìwé ìròyìn Yorùbá kì í dé.

Láti padà sí ewu rẹ̀: irọ́ tó wọ́pọ̀ jù kò gba ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan. Àwòrán òótọ́ ni, àkọlé rẹ̀ ló jẹ́ irọ́. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn kan kọlu àwọn àjèjì ní Johannesburg ní South Africa. Ó ṣẹlẹ̀, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ẹrù. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn fídíò tí wọ́n fi ń dáná sí wa nínú nílé, èyí tí àwọn èèyàn ti ń bẹ́ sílẹ̀ láti òkè ilé tó ń jó, ìlú Surat ní Íńdíà ló ti wá, iná tó ṣẹ́ yọ lóṣù Karùn-ún ọdún náà. Iná gidi, ikú gidi, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Kò pẹ́ tí èrò fi ya lu Shoprite l'Ékòó, MTN sì ti àwọn ilé ìtajà rẹ̀ pa, torí South Africa ni iléeṣẹ́ méjèèjì ti wá. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé méjèèjì. Lónìí, ẹ̀rọ ti lè ya ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí kó sì jọ òótọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì tó bani. Síbẹ̀, ògbólógbòó fídíò tí wọ́n fún lórúkọ tuntun ni mo ṣì ń bá pàdé jù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ní 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta láti yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí eré náà. Wọ́n wo nǹkan bíi 126,000 ìròyìn tó rìn lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017, wọ́n sì rí i pé kí òtítọ́ tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500, ó ń lo nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ ń lò. Wọ́n wò ó bóyá ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ ló fà á. Rárá, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Irọ́ máa ń jẹ́ tuntun létí, ó ń yani lẹ́nu, ó ń ríni lára, nígbà tí òtítọ́ sábà máa ń jọ ohun tí a ti gbọ́ rí. Òtítọ́ lè lé irọ́ bá lóòótọ́; àwọn tí irọ́ ti kí lọ́nà ni kì í sábà bá.

Owó náà wà níbẹ̀. Facebook kì í to ọ̀rọ̀ síwájú rẹ bí wọ́n ṣe dé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń wo ohun tí o dúró wò, ohun tí o bínú sí, ohun tí o fèsì sí, ó sì ń gbé irú rẹ̀ wá, torí bí o bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ìpolówó tí o máa rí ṣe máa pọ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, wọ́n kéde pé ohun tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá fi síbẹ̀ ni àwọn á máa gbé síwájú ju ti àwọn iléeṣẹ́ lọ, títí kan iléeṣẹ́ ìròyìn. Ó dùn létí. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ á dé ọ̀dọ̀ rẹ ṣáájú ti olóòtú. X ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún àwọn kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní 2023, nítorí náà àwọn tó ń fi ariwo jẹun wà níbẹ̀, ariwo wọn ò sì ní láti jẹ́ òótọ́ kó tó dówó.

Ǹjẹ́ kí ìjọba gbà á mọ́ wa lọ́wọ́? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, n ò sì fara mọ́ ọn. Lóṣù Kẹfà ọdún 2021, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Orí Twitter kan náà ni iléeṣẹ́ ètò ìròyìn ti kéde rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ lóṣù Keje ọdún náà pé títì tí wọ́n tì í kò bófin mu. Ẹni tó ń tajà lórí Twitter pàdánù, akọ̀ròyìn pàdánù. WhatsApp, níbi tí irọ́ pọ̀ sí jù, wọn ò fọwọ́ kàn án. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 náà wà, akọ̀ròyìn tó ti tìtorí rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ kéré, kò sì ní ariwo. Ní ọdún 2019, WhatsApp dín iye ibi tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kù sí 5. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, lójú àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, wọ́n dín in kù sí 1 fún ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn jìnnà, iléeṣẹ́ náà sì sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú 100. Wọn ò fòfin de ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn jẹ́ kó rẹ ọwọ́ díẹ̀. Ẹ máa wo òkè ọ̀rọ̀ tó bá wọlé: bí ọfà méjì tó tẹ̀ léra bá wà níbẹ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́, ẹni tó fún un náà kọ́. Kí ẹ wá orúkọ, ọjọ́ àti ibi. Ìròyìn tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí kò sọ ọjọ́, tó kàn ní 'láàárọ̀ yìí', ó lè ti jẹ́ àárọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ àwòrán, Google lè bá yín wá ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Dubawa àti Africa Check ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Bí nǹkan ńlá bá sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, iléeṣẹ́ ìròyìn tí wọn kì í jọ ṣọ̀rẹ́ á gbé e ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó dalẹ́. Ìdúró wákàtí díẹ̀ yẹn ló ṣòro jù fún wa, ó sì dà bíi pé òun ló ń gbani là jù.

Ibi tí ó kù sí, ẹ̀rọ ò lè bá wa dé ibẹ̀. Bí bàbá àgbà ìdílé bá gbé irọ́ sórí gúrúùpù, ta ni yóò wí? Ọmọ tó bá kọ 'irọ́ lèyí' sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí ti di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ á kúrò lórí omi iyọ̀, á bọ́ sórí ìwà ọmọ àti ta ló tọ́ ọ, ìyá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, irọ́ náà á sì jókòó síbi tó wà láìsí ẹni tó bi í. Báyìí ni ọ̀wọ̀ tó dára ṣe ń di ààbò fún ohun tí kò dára. Àwọn ọmọ tó mọ ọ̀nà kì í fèsì níbẹ̀. Wọ́n á pe àgbà lórí fóònù: Ẹ kú ilé o, bàbá. Mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ṣé tí ẹ ń rántí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín? Mo rí ibi tí iléeṣẹ́ ètò ìlera ti ń sọ nǹkan mìíràn, kí n kà á fún yín? Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í janpata bí wọ́n bá bá wọn sọ ọ́ báyìí.

WhatsApp fi ọjọ́ 2 àti díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pa ohun tó ti fi ránṣẹ́ rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì ń pa á rẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ kójú má baà tì wọ́n. Kò tó. Èyí tó wà nínú gúrúùpù ìdílé nìkan ló pa rẹ́. Èyí tí àwọn ìyàwó ilé ti gbé dé ọjà, tí àwọn ọmọ ti gbé dé iléèwé, ó ṣì ń lọ. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara wọn pé èyí tí mo fi ránṣẹ́ láàná kì í ṣe òótọ́, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ ti fún. Gbólóhùn yẹn náà ṣeé fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá ló sì ti wá.